Orí Kẹrin: Garawa Orí Nyá Zulmíra

Òpó ẹnubodè kò pariwo. Ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sínú rẹ̀, irú ohùn tí nọ́ọ̀sì fi ń bá ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn yẹn ló fi wí pé, "Omi Nyá Zulmíra ti kọjá lórí ẹlòmíràn. Nyá Zulmíra, ẹ kú làálàá ọjọ́ pípẹ́. Ẹ lọ sinmi."

Ìbíyẹmí ni ẹlòmíràn náà. Garawa omi wà lórí rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì rò pé òun ni wọ́n ń yìn. Ògbufọ̀ tó fi sétí ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òpó náà di Yorùbá tó já gaara. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń retí ìyìn láti àárọ̀, ògbufọ̀ wo ló lè sọ nǹkan mìíràn sí i létí?

Lókè orí rẹ̀, eṣinṣin rẹ̀ ń fò yí i ká. Kì í ṣe eṣinṣin tó ń bà lé oúnjẹ o. Ẹ̀rọ ayàwòrán ni, kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ló fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan kí wọ́n lè máa fi ohun tí wọ́n ń kọ́ lókèèrè ránṣẹ́ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n rán òun àti Làmídì wá lò ní erékùṣù Sambará, kí wọ́n wá wo bí ìlú tí kò lódò, tí kò ní kànga, ṣe ń mu omi inú kùrukùru láì ba òkè rẹ̀ jẹ́. Láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti wá. Ọkọ̀ ìgbòkun ló gbé wọn, ọjọ́ mọ́kànlá lórí òkun. Ọkọ̀ òfurufú wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin gbà kí ènìyàn wọ̀ ọ́ láyé rẹ̀, ìyá Ìbíyẹmí sì ti ní kí ó fi tirẹ̀ pamọ́ de ìgbéyàwó.

"Ó tó," Ìbíyẹmí wí fún eṣinṣin. Ó bà lé e léjìká. "Fi ránṣẹ́ sílé."

Ìgbà náà ló tó wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń rìn mọ́. Lórí ọgọ́fà àtẹ̀gùn tó ti ibi adágún gòkè wá, gbogbo àwọn tó ru garawa ti dúró gbagidi, bí ìgbà tí ọkọ̀ òkú ń kọjá. Láàárín wọn ni Nyá Zulmíra wà, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tín-ín-rín bí igi ìdáná. Òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí òṣùká. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì nà sókè, ó di afẹ́fẹ́ mú.

"Làmídì, kí ló dé tí wọ́n ń wò báyìí?"

Làmídì, ọmọ Ìsẹ́yìn, kì í yára dáhùn ọ̀rọ̀. "Ìwé ìlànà tí wọ́n fún wa nínú ọkọ̀, ṣé o kà á?"

"Mo wò ó."

"O wò ó. Bí èèyàn ṣe ń wo ọjà tí kò fẹ́ rà. Ìbíyẹmí, gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, kí o sì pa ẹ̀rín yẹn rẹ́."

Kí ó tó gbé e sílẹ̀, Sínyọ́ Béntu, olùṣọ́ omi, ti dé. Níbẹ̀, Sínyọ́ ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin, Nyá fún obìnrin àgbà. Ọkùnrin gíga ni, oníwà tútù, bàtà rẹ̀ kì í dún. Ó ṣí fìlà. Ó yọ àmì bàbà tí wọ́n fín orúkọ Nyá Zulmíra sí lára garawa, ó fi aṣọ funfun wé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fún abiyamọ.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta," ó wí. "Ẹ ṣeun, Nyá. Láti ọ̀la, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ irin yóò máa gbé omi bá yín nílé."

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń gbé omi fún aláìsàn, ọmọ ọwọ́ àti àlejò ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ irin. Òun náà ló ń gbé omi tí Ìbíyẹmí fi ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

"Àwọ̀n mi ńkọ́?" Nyá Zulmíra bi í. Lórí òkè ni àwọ̀n wà, àwọ̀n gàgàrà tí kùrukùru òwúrọ̀ ń fẹ́ wọ̀, tó ń sọ ọ́ di omi tó ń kán lọ sínú adágún.

"A óò wá ọmọ tó lágbára fún un."

"Ìpàdé omi ọ̀la ńkọ́?"

Béntu wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ lè wá jókòó, Nyá. Ẹ lè wá gbọ́."

Kò sẹ́ni tó bínú, kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló mú kí ẹ̀rù ba Ìbíyẹmí. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá mọ ohun tí yóò ṣe. Ọmọ Àkúrẹ́ mọ ariwo í dá lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí, "kí ni mo ṣe? Mo ran ìyá lọ́wọ́ ni."

"O ràn wọ́n lọ́wọ́," ni Béntu wí. "Láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́lá ìlú yìí a sùn sórí ibùsùn, ẹlòmíràn a gbé omi wọn. Lórí ibùsùn yẹn ni wọ́n ti gbà láàárín ara wọn pé kí wọ́n ta ìdajì òkè fún ilé ìtura kan. Ọrùn kò ro wọ́n, wọn ò mọ ìwọ̀n omi. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé omi rẹ̀ kọjá òpó yìí ló ni àwọ̀n, òun ló sì ní ohùn nípàdé. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá ràn án lọ́wọ́ kọjá òpó, ó ti ṣe tirẹ̀ tán nìyẹn."

Ìbíyẹmí mọ̀ pé ó yẹ kí òun bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn tó tó ọgbọ̀n ló ń wò ó, ara rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó fi irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

"Ní ilẹ̀ wa," ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà, "ọmọ tí a kọ́ tó gbà kì í wo àgbà níran pẹ̀lú ẹrù lórí. Yóò sáré pàdé rẹ̀, yóò gbà á. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo rí ìyá, ọkàn mi kò gbà á, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn ènìyàn mi orí. Obìnrin kan nu ojú rẹ̀. Béntu pàápàá dà bí ẹni tí orí rẹ̀ wú.

"Tọkàntọkàn lo fi ṣe é?"

"Tọkàntọkàn, sà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé o fi ipá gbà á ni, à bá dá a padà. Bó bá jẹ́ eré ni, à bá dá a padà. Nígbà ọdún, àwọn òṣèré a máa gbé omi ara wọn, òpó kò mọ eré yàtọ̀, a ó kàn pa á rẹ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ òtítọ́, ohun tí òfin ń dúró dè nìyẹn. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

Làmídì wo Ìbíyẹmí. Ìbíyẹmí wo òkè. Òun àti Làmídì àti eṣinṣin léjìká rẹ̀ ló mọ̀ bí ìrànlọ́wọ́ yẹn ṣe jẹ́ òtítọ́ tó.

Ní ọ̀sán, ó lọ tọrọ àforíjì nílé Nyá Zulmíra. Ó mú àpò bísíkíìtì kan lọ, ti Àkúrẹ́, tó ti rún wómúwómú nínú ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà jókòó sórí àpótí, ó gbé àmì bàbà lé itan, ó ń fi etí aṣọ nù ún, bẹ́ẹ̀ ó mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Dìde," ó wí. "Eékún rẹ á dọ̀tí, wàá tún ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Mo fẹ́ béèrè nǹkan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo gbà á lórí mi láàárọ̀ yìí. Ẹ̀kínní, o ní oòrùn ò tíì jáde, o dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kejì, o ní gèlè rẹ wọ́, o dá a padà. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá àṣà yín ni, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa ń gba ẹrù lórí àgbà. Mo rò pé wàá dá ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà padà. Ìyẹn ni mi ò fi pariwo."

Ìbíyẹmí gbé àpò bísíkíìtì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

"O ní kí n ṣe bí ẹni tó rẹ̀," ni ìyá náà wí. "Kò rẹ̀ mí. Mo ṣe é fún ọ nítorí pé àlejò ni ọ́." Ó yí àmì bàbà padà. "Ọjọ́ mẹ́rin lo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Lánàá, ọmọrí garawa mi yí lọ sí ẹsẹ̀ rẹ, mo ní kí o bá mi mú un. O fò ó kọjá. Ò ń bá kòkòrò rẹ sọ̀rọ̀."

"Nyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Sínyọ́ Béntu?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Pẹ̀lú ohùn wo? O ti gbé e lọ pẹ̀lú omi."

Ìbíyẹmí ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni ìyá tirẹ̀ pè é láti Àkúrẹ́. Màmá Ìbíyẹmí jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju ipò rẹ̀ lọ díẹ̀.

"Ọmọ mi! Ìbíyẹmí, ọmọ tí mo bí tí mo tọ́! A ti rí i o! Gbogbo wa la rí i! Bí o ṣe yára gba omi lórí ìyá arúgbó yẹn, bí oòrùn ṣe ń ràn lẹ́yìn rẹ bí ti áńgẹ́lì! Mo ti ní kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó ń rìn lórí ògiri láti àárọ̀. Àwọn ọmọ ń wò ó bí o ṣe ń gba garawa, tí o tún ń gba garawa."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi."

"Àbúrò bàbá rẹ tó ní dígí nìkan lo mọ̀ ọ́n wò, mo fi hàn án. Ẹnu rẹ̀ wọhò! Àwọn ìgbìmọ̀ tó rán yín lọ náà pè mí, wọ́n ní ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe aṣojú lọ́dún tó ń bọ̀. Kí lo fẹ́ wí?"

"Kò sí, mà," Ìbíyẹmí wí. "Mo ní kí n kí yín ni."

Làmídì jókòó lórí odi kékeré kan, ó ń bó ìbẹ́pẹ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀; ohùn Màmá Ìbíyẹmí kò nílò ẹ̀rọ púpọ̀.

"Ọ̀nà kan wà," ó wí. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Kí n lọ sọ pé eré ni."

"Kí o lọ fi hàn wọ́n. Eṣinṣin rẹ ò pa nǹkan kan rẹ́. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi hàn lójúde ìlú, inú ìwé ìlú ló ń lọ, wọ́n á sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé-ẹ̀kọ́ wa. Àdéhùn tó gbé wa wá síbí nìyẹn."

"Àwọn ìgbìmọ̀ á rí i."

"Wọ́n á rí i."

"Mọ́mì mi á rí i. Wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri."

"Ìyẹn, mi ò rò pé wọ́n á gbé e kọ́." Ó na ìbẹ́pẹ sí i. "Bí o bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Wọ́n á máa yìn ọ́ títí tí a ó fi lọ. Ìyá yẹn náà á máa kí ọ, oníwà ni. Jẹun."

Ìbíyẹmí kò lè jẹun. Ohun tó ń ta á lára jù ni pé ẹ̀rí ìwà rere rẹ̀ ló de ìyá náà mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ dáadáa, Nyá Zulmíra ti tán. Bó bá jẹ́ aṣehàn, Nyá Zulmíra a gba àwọ̀n rẹ̀ padà. Ó gbìyànjú láti wá ọ̀nà kẹta tí òun yóò fi jẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ọgbọ́n rẹ̀ ti pọ̀ tó, kò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìpàdé omi pé sí ojúde, níwájú ògiri funfun kan. Àwọn tó gbé omi jókòó síwájú, garawa wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn tó ti ń sinmi jókòó sẹ́yìn, wọ́n wọ aṣọ tó dára ju ti àwọn tiwájú lọ, ẹnu wọn sì pa mọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni Nyá Zulmíra wà. Kò tíì rí ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ìbíyẹmí na ọwọ́. Béntu ní kí àlejò sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin àgbààgbà," ó wí, "ní àkókò yìí tí ayé ń móoru, tí àṣà orílẹ̀-èdè kan ń pàdé ti èkejì lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú omi..."

Làmídì wúkọ́.

Ìbíyẹmí pa ìyókù ọ̀rọ̀ náà tì. Ó gbé eṣinṣin sókè, ó ní kí ó fi hàn. Ìmọ́lẹ̀ bà lé ògiri funfun.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ti ìjẹta: ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí, ọmọrí garawa kan tó ń yí bọ̀, ẹsẹ̀ náà fò ó, ohùn rẹ̀ sì ń bi eṣinṣin bóyá àwọ̀ búlúù yẹ òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àárọ̀ àná. Ó gba garawa. "Ẹ dúró, mà, oòrùn ò tíì jáde." Ó dá a padà. Ó tún gbà á. "Gèlè mi! Ẹ gbà, ẹ gbà á padà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ṣe bí ẹni tó ti rẹ̀. Ẹ tẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dára." Nyá Zulmíra orí ògiri tẹ̀ díẹ̀. Ó ṣe é dáadáa. Ó ṣe é bí ìyá tó fẹ́ kí ọmọ àlejò yege.

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín níwájú, ó rí i pé òun nìkan ni, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà, kò sí ìró kankan bí kò ṣe ohùn Ìbíyẹmí lórí ògiri: "Ó tó. Fi ránṣẹ́ sílé."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Òtítọ́ ni omijé náà. Ṣùgbọ́n bó ti ń bọ́, Ìbíyẹmí rí i pé orí òun ti yí díẹ̀díẹ̀ sápá òsì, síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ti ògiri bọ̀, níbi tí ojú òun ti máa ń dára jù nínú àwòrán. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òun mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà, èyí ló tì í lójú jù.

"Eré ni?" Béntu bi í.

"Eré ni, sà."

"Kò sí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀?"

Ó ń retí pé kí ẹnìkan sọ pé ó tó. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

"Kò sí. Mo gbà á lórí wọn nítorí ara mi. Bí kò bá sí eṣinṣin, mi ò ní rí wọn."

Béntu ṣí ìwé, ó fagi lé ìlà kan. "Nyá Zulmíra, omi yín ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ lọ gbé e." Ó kọjú sí Ìbíyẹmí. "Ẹni tó bá ba ẹrù ẹlòmíràn jẹ́ ló ń tẹ̀lé e ṣe ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wàá máa rìn. Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kan garawa, kò gbọdọ̀ kan òun fúnra rẹ̀. Bó bá kàn án, òpó yóò mọ̀, mi ò sì ní ṣí ìwé yìí lẹ́ẹ̀kejì."

Nyá Zulmíra dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún, ó bu omi kún garawa dé ọrùn, ó ká òṣùká, ó sì gbé e rù fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Ìbíyẹmí wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Ní àtẹ̀gùn ogójì, arúgbó náà dúró, ó mí. Omi kán sí i léjìká. Ní ọgọ́ta, ó tún dúró. Ìbíyẹmí gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa àpótí lórí iyanrìn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré gòkè wá sí apá rẹ̀. Kò sí eṣinṣin lókè. Làmídì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ya àwòrán kankan. Ó fẹ́ gba ẹrù náà, ó fẹ́ ẹ débi pé ẹ̀yìn ọwọ́ ń yún un.

Ní ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ Nyá Zulmíra yọ̀.

Ọwọ́ Ìbíyẹmí yọ jáde kí ó tó rò ó.

"Ọwọ́ rẹ!" Làmídì kígbe láti òkè.

Ìbíyẹmí fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì káwọ́ sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di ọ̀kan mú pinpin. Báyìí ni ọba ń rìn níwájú àwọn ìwẹ̀fà. Báyìí ni ọmọ kì í rìn lẹ́yìn àgbà. Bí ìyá rẹ̀ bá rí i bẹ́ẹ̀ ní títì Àkúrẹ́, ì bá fún un ní ìgbátí.

"Má wò mí," Nyá Zulmíra wí, láì yíjú. Ó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀, ó ti dúró. "Wo ibi tí ò ń tẹ̀. Bí o bá ṣubú, kò sẹ́ni tó máa gbé ọ."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ogún àtẹ̀gùn tó kù, ó gùn ju gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá orí òkun lọ. Nyá Zulmíra kọjá òpó ẹnubodè. Òpó náà sọ̀rọ̀. "Nyá Zulmíra gbé omi rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nyá Zulmíra kò sì dúró gba ìkíni. Ó gba ọ̀nà ilé lọ gbọnrangandan kí ó lè tètè sọ ẹrù kalẹ̀, kí ó sì gun òkè, nítorí pé àwọ̀n rẹ̀ ti wà láìsí olùtọ́jú fún odindi ọjọ́ kan, oòrùn sì ti ń mú. Àwọn yòókù ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú omi tiwọn, ọkọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé. Ìbíyẹmí dúró lábẹ́ òpó, kò rántí tú ọwọ́ rẹ̀ tó ká sẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń yà fún un ní ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, jẹ́jẹ́jẹ́, bí a ti ń yà fún arúgbó tí kò lè ru nǹkan mọ́.